Láti Sùúrùlérè dé Cape Town: níbi tí wọ́n ti ń polówó wáìnì Gúúsù Áfíríkà

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Èkó sí Cape Town

Òru la gbéra ní Ìkẹjà, ilẹ̀ sì ti mọ́ kedere kí bàálù tó balẹ̀ sí Johannesburg. Níbẹ̀ la ti tún wọ òmíràn fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wáìnì ni mo ń bá lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ṣé Four Cousins yẹn náà lẹ fẹ́ lọ kó?" Mo ní òun náà ń bẹ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá ju ìyẹn lọ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì ní Sùúrùlérè, ti Gúúsù Áfíríkà ló sì pọ̀ jù lórí àtẹ mi. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe àwọn oníṣòwò wáìnì káàkiri àgbáyé wá sí Cape Town kí wọ́n wá tọ́ ọjà wọn wò. Cape Wine ni wọ́n ń pe ìpàtẹ náà. Àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ ni Wines of South Africa, tí wọ́n ń gé kúrú sí WOSA. Àjọ náà kì í ta ìgò kankan. Orúkọ orílẹ̀-èdè wọn ló ń tà lókè òkun, kí olóko kọ̀ọ̀kan wá ta tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé oríṣiríṣi lọ sí London àti Stockholm, tó sì jẹ́ pé wáìnì dídùn ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé Èkó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fi ọkọ̀ gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú Cape Town gbọ́ bí mo ṣe ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó yíjú padà lójijì. "Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ kú ìrìn. Ọmọ Ọ̀fà ni mí." Rándì 280 (R280) ló gbà dé àárín ìlú. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù, mi ò sì bẹ̀ ẹ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó dúró dè mí títí mo fi ra síìmù, ó bá mi ṣe ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ó wá ní kí n máa pe òun nígbàkígbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ físà, oṣù méjì ṣáájú kò pọ̀ jù. Ìwé tí wọ́n fi gba orúkọ mi sílẹ̀ fún ìpàtẹ náà ràn mí lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé. Rándì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà 86 nígbà tí mo lọ, ẹ fi ìyẹn ṣírò gbogbo iye tí mo bá dárúkọ.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án. Constantia

Òtútù. Àwa tí a ń bọ̀ láti Èkó, ká mú aṣọ òtútù gidi dání. Oṣù Kẹsàn-án, ìgbà òtútù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, òjò sì lè dé nígbàkígbà.

Ẹ̀yìn òkè Table Mountain ni Constantia wà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ wáìnì ilẹ̀ náà ti kọ́kọ́ dé òkè òkun, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í ṣáájú. Jan van Riebeeck, òyìnbó Dutch tó wá dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn ní 1652, ló kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ ní 2 Oṣù Kejì 1659 pé àwọn ti fún wáìnì àkọ́kọ́ láti inú àjàrà Cape. Ní 1685, Simon van der Stel, tó jẹ́ olórí ibùdó náà, gba ilẹ̀ tó di Constantia. Nígbà tó yá, wáìnì dídùn ibẹ̀ wọ ààfin àwọn ọba Yúróòpù, Napoleon pàápàá sì ń mu ún nígbà tí wọ́n fi í sí àhámọ́ ní erékùṣù St Helena. Kò tíì sí àjọ apolówó kankan nígbà náà. Oko kan ṣoṣo, adùn kan ṣoṣo, ló ṣílẹ̀kùn.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń mú àlejò kiri ilé ńlá Groot Constantia kò fi ibi tó le pamọ́ fún wa. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Madagascar, Mozambique, India àti Indonesia ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, àwọn ló gbin àjàrà, àwọn ló tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1834 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú dé Cape, ọdún mẹ́rin mìíràn sì tún kọjá kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ olówó wọn ní tòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìtàn tó ti lé ní 300 ọdún fún mi, kó tà á ní odindi.

Wáìnì márùn-ún ni wọ́n fún wa tọ́ wò ní R120. Èyí tó kẹ́yìn ni dídùn yẹn. Adùn rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sú ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá kì í ṣe adùn ló burú nínú ohun tí a ń mu nílé. Ẹ óò rí ibi tí ìrònú yẹn gbé mi dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án. Stellenbosch

Ojú ọ̀nà N2 kò fi nǹkan kan pamọ́. Kí ènìyàn tó rí ewéko àti òkè tí wọ́n ń yà sí ara ìwé ìpolówó, ilé páànù Khayelitsha, àdúgbò ńlá àwọn aláìní, ni yóò kọ́kọ́ rí, lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ya, òkè aláwọ̀ aró yọ, àjàrà sì tò lọ ní ìlà ìlà. Wọ́n ti ré ẹ̀ka wọn, ewé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni.

Ìlú àtijọ́ ni Stellenbosch, láti 1679. Níbẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ti fi oríṣi àjàrà méjì ṣe ẹyọ kan ní 1925, Pinot Noir àti Cinsaut tí wọ́n ń pè ní Hermitage nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Pinotage. Ọdún ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló pé lọ́dún tí mo lọ yìí, gbogbo oko tí mo yà sí ló sì ń sọ ọ́. Orílẹ̀-èdè tó ní àjàrà tí wọ́n dá fúnra wọn ní ohun tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn dù lẹ́nu ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Chenin Blanc ni wọ́n gbìn jù, èyí tí àwọn àgbà wọn ń pè ní Steen.

Ẹ wo ọrùn ìgò wáìnì Gúúsù Áfíríkà dáadáa. Bébà pélébé kan máa ń wà níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà. Láti 1973 ni òfin wọn ti ní kí ìgò sọ ibi tí àjàrà rẹ̀ ti wá ní tòótọ́. Láti 2010 ni wọ́n sì ti fi ti ìtọ́jú ilẹ̀ kún un, tí ènìyàn lè fi nọ́ńbà náà wá ìtàn wáìnì yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọjà wa tí ayédèrú kún, bébà kékeré yẹn tó ohun tí a óò máa kọ́ oníbàárà wa láti wò.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án. Cape Wine bẹ̀rẹ̀

Gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá Cape Town tí wọ́n ń gé kúrú sí CTICC ni ìpàtẹ náà wà, nítòsí èbúté. Wọ́n so báàjì mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n fún mi ní ife kan, ó di kí n máa lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún olóko ló tò lẹ́yìn tábìlì, ìgò ṣíṣí níwájú wọn, garawa fún títu ọtí dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ gbọ́ tèmi: ẹ máa tu ú dànù. Kò sí àìmọ̀wàáhù níbẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ mú omi dání, kẹ́ ẹ sì kọ oko tẹ́ ẹ fẹ́ rí sílẹ̀ láti ilé, torí ẹni tó bá ń wo ọ̀tún wo òsì kò ní rí ẹni tó wá rí.

Ọkùnrin kan tó ń bójú tó ọjà òkè òkun fún oko kan ní Paarl ló là mí lóye nípa owó. Lítà wáìnì kọ̀ọ̀kan tó bá jáde kúrò nílẹ̀ wọn ń san iye kékeré kan, òun ni wọ́n fi ń gbé WOSA dúró. Mo ní, "Àjọ lẹ̀ ń dá." Mo ṣàlàyé àjọ fún un, bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń dá a, tí kò sẹ́ni tó ń bínú pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ kó o. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àyàfi pé nínú tiwọn, kò sẹ́ni tó ń kó owó lọ sílé. Owó náà ń lọ sínú ìpàtẹ, ìrìn-àjò àwọn akọ̀wé ìròyìn, àti owó oṣù àwọn aṣojú tó wà ní Britain, Jámánì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn. Oko kékeré tí kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kan ń jàǹfààní orúkọ kan náà tí oko ńlá ń jẹ.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ jìn. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ayé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 1994, nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 lítà ni gbogbo wáìnì tí wọ́n tà sókè òkun. Ní 2013 ó ti kọjá mílíọ̀nù 500. Òmìnira Mandela ṣílẹ̀kùn, àwọn olówò sì rọ́ gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Paarl náà ní ìwọ̀n lítà kì í ṣe èrè. Ó lé ní ìdajì ohun tí wọ́n ń kó jáde tí kò sí nínú ìgò rárá. Inú àpò rọ́bà ńlá tó ń gba 24,000 lítà, tó kún inú kọ̀ntẹ́nà kan, ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi í sínú ìgò nígbà tó bá dé Yúróòpù. Ìgò, bébà ara rẹ̀, kọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwa tí a ń kó kòkó jáde ní àpò, tí a ń ra ṣokoléètì padà, a mọ ohun tó ń sọ.

Ilẹ̀kùn ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní Sweden, ìjọba nìkan ló ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta wáìnì fún ará ìlú, Systembolaget. Wọn óò kéde irú èyí tí wọ́n fẹ́, kí olóko wá du ú. Ní Britain, tó jẹ́ ọjà wọn tó tóbi jù, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń pinnu, wọ́n sì máa ń fi iye owó há ènìyàn mọ́ ògiri. Yúróòpù gbà kí wọ́n kó nǹkan bíi 110 mílíọ̀nù lítà wọlé lọ́dún láìsan owó bodè, àmọ́ kí àdéhùn wọn tó dọ́gba, wọ́n ní láti fi orúkọ wáìnì "port" àti "sherry" sílẹ̀ fún Portugal àti Spain tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní 7 Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 náà ni Amẹ́ríkà fi owó bodè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọ̀pọ̀ ọjà Gúúsù Áfíríkà. Obìnrin olóko kan láti Swartland, àgbègbè wáìnì kan níbẹ̀, sọ fún mi pé oníbàárà òun lọ́hùn-ún ti ní kí òun gé iye owó tàbí kí òun gbàgbé rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo China, tó ti kéde ní Oṣù Kẹfà pé òun fẹ́ mú owó bodè kúrò lórí ọjà Áfíríkà. Báàjì ọrùn mi tí wọ́n kọ Nigeria sí sì wá di ohun tí wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án. Yájì lórí tábìlì

Ọjọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyí.

Ní tábìlì mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ yà sí, bí wọ́n bá ti rí báàjì mi, ìgò dídùn ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ẹnì kan sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Àwọn ará Nàìjíríà fẹ́ràn ṣúgà." Mi ò bínú. Mo kàn béèrè bóyá ó ti jẹun nílé ará Nàìjíríà rí. Kò jẹ ẹ́ rí.

Mo ti di yájì sínú ike kékeré láti ọwọ́ Mọ̀lá tó ń ta ṣúyà ní òpópónà wa, èyí tó ní kúlíkúlí àti ata dáadáa. (Ẹ má gbé kílíṣí wọ̀lú wọn o, wọn kì í fẹ́ kí a mú ẹran wọlé.) Mo ra ẹran sísun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ níta, mo gé e wẹ́wẹ́, mo wọ́n yájì sí i, mo sì gbé e ka tábìlì obìnrin ará Swartland àná. Mo ní kó jẹ ẹ́, kó wá mu wáìnì pupa rẹ̀ tó gbówó lórí jù tẹ̀ lé e.

Ó jẹ ẹ́. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ pọ́n. Wáìnì tó ń fún ẹnu pọ̀, tí ọtí inú rẹ̀ sì le, ńṣe ló ń da epo sínú iná ata. Ó fi ife náà sílẹ̀, ó ní kí n dúró. Ó ṣí Chenin Blanc tó gbẹ táútáú, ìyẹn èyí tí kò ní adùn ṣúgà: ó sàn díẹ̀. Ó lọ yá ìgò kan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, Chenin tí wọ́n fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, tó tutù nini. A jẹ ẹran mìíràn, a mu ún. Ata náà rọlẹ̀, ẹ̀pà inú yájì sì wá jáde ketekete. Àwọn tó wà nítòsí ti pé lé wa lórí. Ọkùnrin kan mú Pinotage tó fẹ́lẹ́ wá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le, tí wọ́n sì ti gbé sínú yìnyín díẹ̀. Òun náà bá a mu. Ìwé ni gbogbo wọn ń kọ.

Adùn tí àwọn oníbàárà mi ń wá kì í ṣe àìmọ̀kan. Ata ló wà nínú àwo wa: ọbẹ̀ ata, àsun, pẹpẹ súùpù ẹja tútù. Ẹnu tó ti mọ ata mọ ohun tó ń pa á. Ẹni tó bá fẹ́ ta wáìnì fún wa, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń jẹ, kó tó sọ fún wa pé ọ̀nà tí a ń gbà mu ún kò dára. Ohun tí mo wá bá wọn jà lé lórí ni pé adùn ju ẹyọ kan lọ. Àárín omi ṣúgà àti wáìnì tó gbẹ, ilẹ̀ gbòòrò kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbé wá sí Èkó.

Mo sọ ìyókù fún wọn bó ṣe rí. Mo ní kọ̀ntẹ́nà lè jókòó sínú oòrùn ní Àpápá títí wáìnì inú rẹ̀ á fi sè. Mo ní iná lè lọ fún ọjọ́ méjì, kí fìríìjì ṣọ́ọ̀bù di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní níbi ìnáwó, ọmọ tó ń gbé ọtí kiri á bu wáìnì pupa tó gbóná kún ife dé ẹnu, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Oníbàárà á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á ní ó ti bàjẹ́, á padà sí èyí tó mọ̀. Pátákó ìpolówó ní Lẹ́kì kò lè wo ìyẹn sàn.

Ọkùnrin ará Paarl rán wọn létí ohun kan. Kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010 tó dé, WOSA ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Fundi, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ 2,010 bí a ṣe ń gbé wáìnì fún àlejò ní ilé oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ ṣe irú rẹ̀ ní Èkó. Ẹ má fi pósítà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ rán olùkọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ ìparí ìpàtẹ, iye owó la ń sọ, n kò ní fi sú yín. Mo tọ́ Aslina wò, wáìnì Ntsiki Biyela. Ọmọ Mahlabathini ní KwaZulu-Natal ni, kò mu wáìnì rí kí ilé iṣẹ́ bàálù tó fún un ní owó ẹ̀kọ́ lọ sí yunifásítì Stellenbosch ní 1999. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di aṣe-wáìnì nílẹ̀ náà. Orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ ló fi sọ wáìnì rẹ̀. Bí mo bá sọ ìtàn yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìgò náà ti tà nìyẹn. Ọmọ tó fi orúkọ màmá àgbà ṣe ọjà, ta ni kò ní yà á?

Ní alẹ́, mo jẹ Gatsby, búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi ẹran àti ọ̀dùnkún díndín kún inú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni mo rà ní R95, ènìyàn méjì ló sì jẹ ẹ́ yó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án. Robertson

Ọmọ Ọ̀fà ló wà mí lọ. A gba ọ̀nà N1, a san nǹkan bíi R50 ní ẹnu ihò abẹ́ òkè Huguenot, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà mẹ́rin, tí wọ́n ṣí ní 1988. Bí ènìyàn bá jáde lódì kejì, ilẹ̀ ti yàtọ̀: ó gbẹ, ó tẹ́jú, òkè sì dúró yí i ká. Lẹ́yìn ìlú Worcester la yà sí ọ̀nà R60.

Ìdí tí mo fi fẹ́ dé ibẹ̀ ni pé Robertson ni Four Cousins ti wá. Ẹbí Retief ló ni oko Van Loveren láti 1937. Ní 2000, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́rin nínú ẹbí náà gbé wáìnì kan jáde nínú ìgò ńlá lítà kan ààbọ̀, tó dùn, tó rọrùn, tí kò náni púpọ̀, wọ́n sì fi ara wọn sọ ọ́. Àwọn tó mọ wáìnì lè máa yínmú sí i. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ Èkó láti mu wáìnì ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà láìsí owó ìjọba kankan, òun ló sì san owó ilé ìwé ọmọ mi. R65 ni mo rí ìgò kékeré rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ₦8,500 ni nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi, kọ́sítọ́ọ̀mù, Àpápá àti dọ́là ló wà láàárín méjèèjì.

Ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan la ti ń bọ̀ nígbà tí táyà fọ́ gbàù. Táyà àrọ́pò wà, jáàkì ló kọ̀ láti gbé ọkọ̀. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A ti dúró tó wákàtí kan kí bàbá kan tó dé lórí katakata, ó bọ́ sílẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn lọ gbé jáàkì tirẹ̀ wá. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ní kí a wá mu tíì kí ọ̀nà tó gbé wa lọ. Ìyàwó rẹ̀ yan búrẹ́dì roosterkoek lórí iná igi, ó fi bọ́tà àti jáàmù sí i. Tíì pupa rooibos ni wọ́n fi kún ife wa, lẹ́ẹ̀mejì.

Èdè Afrikaans ni bàbá náà ń sọ, ọmọ Ọ̀fà ló ń túmọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ré ẹ̀ka àjàrà. Mo bi í irú wáìnì tó fẹ́ràn, ó ní òun kì í mu ún. Bàbá òun, apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀ wáìnì ni wọ́n fi ń san. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, "dop" ni wọ́n ń pè é. Òfin ti kà á léèwọ̀ láti ọdún 1960 sókè, síbẹ̀ ó wà nínú àwọn oko kan títí dé ọdún 1990 sókè, ó sì ba ìdílé púpọ̀ jẹ́, títí dé àwọn ọmọ inú oyún. Lónìí, àwọn olówò Yúróòpù kan kì í rà láìrí ẹ̀rí pé oko ń ṣe dáadáa sí òṣìṣẹ́. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní WIETA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Láti ọjọ́ náà, èmi náà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tajà fún mi. Àwa tí a ń rà ní Áfíríkà ló yẹ kí ó kọ́kọ́ máa béèrè.

R200 tí mo fẹ́ fi sílẹ̀, ìyá náà kò gbà á. Yájì tó ṣẹ́kù ló gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jẹ koesister, ìyẹ̀fun díndín aládùn kan, ní àdúgbò Bo-Kaap láàárọ̀, ó gbóná, ó ní àgbọn àti òórùn cardamom. Ẹ tètè dé ibẹ̀, ó máa ń tán.

Lọ́sàn-án, ọmọ Ọ̀fà mú mi lọ sílé rẹ̀ ní Parow. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ti gún iyán sílẹ̀, ó se ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó tutù." Mo gbé Chenin aládùn díẹ̀ yẹn sórí tábìlì. Ọkọ kì í mutí, ìyàwó tọ́ ọ wò, ó ní, "Èyí kò dùn bíi ti òde ìnáwó. Ṣùgbọ́n ó bá ata yìí mu o, mà." Mo kọ gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án. Èbúté, àti ilé

Kí n tó lọ sí pápákọ̀, mo yà lọ bá ẹni tí yóò bá mi di ẹrù sọ̀rọ̀. Ó ní kí n yẹra fún kíkó ẹrù láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì bí mo bá lè ṣe é: afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn máa ń le débi pé ẹ̀rọ agbẹ́rù èbúté Cape Town á dúró, èso àti wáìnì á wá máa du àyè ọkọ̀ kan náà. Fún wa ní Èkó, èyí túmọ̀ sí pé ọjà Kérésìmesì gbọ́dọ̀ ti gbéra ní Oṣù Kẹwàá, kó má tilẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ san owó kún un kí wọ́n fi aṣọ adènà ooru bo inú kọ̀ntẹ́nà. Ó kéré sí owó wáìnì tó bá bàjẹ́.

Ohun tí mo fọwọ́ sí: Chenin aládùn díẹ̀ láti Swartland, Pinotage fẹ́lẹ́ ọkùnrin yẹn, àti Aslina díẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn. Kò tó kọ̀ntẹ́nà kan, nítorí náà èmi àti oníṣòwò kan láti Accra tí a pàdé ní ìpàtẹ la jọ pín in. Ẹ̀yin oníṣòwò kékeré, ẹ máa wá ẹnìkejì níbi ìpàtẹ. Ìyẹn nìkan tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù kúrò ní Cape Town kí nọ́ńbà NAFDAC wáìnì kọ̀ọ̀kan tó jáde, torí wáìnì kọ̀ọ̀kan ló nílò tirẹ̀. Ẹ fi bébà ara ìgò ránṣẹ́ sí aṣojú yín nílé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó lè wò ó bóyá ó bá ohun tí wọ́n ń béèrè mu.

Obìnrin ará Swartland ti gbà láti wá sí Èkó fúnra rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kọkànlá. Òun yóò san owó bàálù, èmi yóò pèsè ilé àti oúnjẹ. Àwọn ọmọ tó ń gbé ọtí ní gbọ̀ngàn ìnáwó ní Sùúrùlérè la óò kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ìyá olóúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Mo ti ní kí Mọ̀lá fi àsun àti ṣúyà sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ní ilé ọtí tàbí ilé oúnjẹ ní àdúgbò wa, tó sì fẹ́ rán òṣìṣẹ́ wá, kò ní san kọ́bọ̀.